Ọwọ́ Òsì Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó lọ́wọ́ bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni kí ẹ ṣe tàbí kí ẹ wá òmíràn, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Mi ò ní pẹ́. Irọ́ ni mo pa, màá pẹ́, nítorí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ tán lórí ìdúró. Múínátù lorúkọ mi, ọmọ Ìlobù ni mí. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá ládùúgbò, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn o" ni wọ́n ń kí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Inú yàrá iṣẹ́ abẹ, tí gbogbo wa ń pè ní tíátà, ni mo ti lo ayé mi. Èmi ni mo ń dúró ti dókítà tó ń la èèyàn, tí mo ń na irin iṣẹ́ sí i: abẹ, ẹ̀mú, sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àti òwú.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ tíátà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọwọ́ mi. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mi. Ìyá àgbà mi tó tọ́ mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ló gbé dàgbà kó tó wá sílé ọkọ ní Ìlobù, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kì í pe "ṣ" bí àwa ṣe ń pè é. Lẹ́nu tirẹ̀, òsì tó jẹ́ ọwọ́ àti òṣì tó jẹ́ ìyà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bó bá ti rí mi tí mo fi òsì mú síbí, á figbe ta: "Òsì lo fẹ́ fi jẹun? Òsì!" Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ló ń bá wí. Ó fi ata ra ọwọ́ náà, mo lá ata, mo tún fi òsì bu oúnjẹ. Ló bá kúkú fi àjákù ìró so ó mọ́ mi lẹ́yìn nígbàkígbà tí a bá fẹ́ jẹun. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń kọ̀wé, òun ni mo sì fi ń na nǹkan sí àgbà. Síbẹ̀, bí nǹkan bá já bọ́ lójijì, òsì ló ń kọ́kọ́ sáré hán an.

Bí mo ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe gbà mí sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Òṣogbo, àti ohun tí wọ́n ń san fún mi, kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Mo kàwé, mo yege, wọ́n gbà mí. Ohun tó tọ́ kí n sọ ni pé wọ́n fà mí lé Màmá Tíátà lọ́wọ́.

Ọmọ Ìfọ́n ni Màmá Tíátà. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ, obìnrin kúkúrú tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ láti Ìfọ́n láàárọ̀ ló ń kàn mí ní Ìlobù, ó sì ti pàṣẹ fún dẹ́rẹ́bà pé ẹ̀gbẹ́ òun ni kí n máa jókòó. Ìyà ni ẹ̀gbẹ́ náà. Láti Ìlobù dé Òṣogbo, níwájú gbogbo èrò ọkọ̀, á máa bi mí léèrè: "Ẹ̀mú ẹlẹ́nu wíwọ́, kí là ń fi í ṣe? Èwo la máa ń kọ́kọ́ nà sí dókítà tó bá fẹ́ la ikùn?" Bí mo bá ṣì í, á pòṣé, àwọn tó ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà á sì bá a pòṣé. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ìyá kan tó máa ń gbé ẹ̀gẹ́ fi ń gbà mí sílẹ̀ nínú ìdáhùn, nítorí òun náà ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

Nígbà tí aáwọ̀ ilẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n le, tí ọ̀nà dí, mo rò pé màá sinmi lẹ́nu rẹ̀. Màmá ránṣẹ́ sí mi pé òun ti gba ọ̀nà mìíràn, kí èmi náà wá tèmi gbà, aago méje ni aago méje. A pàdé lẹ́nu ọ̀nà tíátà láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku bo àwa méjèèjì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Lọ fọwọ́." Kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí mo ti ń bẹ̀rù pé ojú tí yóò fi wò mí á yàtọ̀.

Lákòókò yẹn, a kì í da ìbọ̀wọ́ nù. A ń fọ̀ ọ́, a ń sá a, a ń lẹ ojú ibi tó bá lu, a tún ń bu pọ́dà sí i fún ìlò mìíràn. Abẹ́rẹ́ onígíláàsì là ń sè. Bí iná bá lọ, mo ti di tọ́ọ̀ṣì mú lórí ikùn tó ṣí sílẹ̀ títí apá mi fi kú. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá fi kọ́ mi níṣẹ́ kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Má wojú dókítà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí o máa wò." Ó ní dókítà lè máa bínú lójú, kó máa fi ojú bú ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ ohun tó fẹ́ fún ọ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́.

Mo ti lo bí oṣù méje nígbà tí ohun tí mi ò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni. Wọ́n gbé obìnrin kan dé láti abúlé kan lẹ́yìn Ìfọ́n. Oyún rẹ̀ kò dúró sí ilé ọmọ, inú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà lọ síbẹ̀ ló dúró sí, ó sì ti bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti kún inú rẹ̀. Dókítà àgbà tó ṣe iṣẹ́ náà jẹ́ bàbá olórí funfun kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ó là á kíákíá, ó nawọ́, ó ní, "Ẹ̀mú!"

Ẹ̀mú tó fẹ́, èyí tí a fi ń há ẹnu iṣan pa kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, apá òsì mi ló wà. Ọwọ́ òsì mi ti gbé e kí n tó ronú. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé àgbàlagbà lèyí. Ṣé òsì ni màá fi na nǹkan sí irú bàbá yìí? Mo ní kí n pààrọ̀ ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ mi méjèèjì ti rin fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀mú yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Irin tó bá ti kan ilẹ̀ ní tíátà ti di aláìmọ́, a kò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Ìkejì rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò tí a ti ń sè é.

Dókítà na ọwọ́ síbẹ̀, òfo. Ẹ̀jẹ̀ ń ru jáde. Mo dúró, mi ò lè mira. Màmá Tíátà ló fi èjìká tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ìka méjì bọ inú obìnrin náà, ó wá iṣan náà kàn, ó fún un pa mọ́ ìka rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi sáré gbé ẹ̀mú kejì dé. Mo rò pé obìnrin náà ti kú. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé èmi ni mo pa á, èmi àti ẹ̀kọ́ ilé mi.

Kò kú o. Mo tètè sọ ọ́ kí àyà yín lè balẹ̀. Ó lo ọjọ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ẹbí rẹ̀ fún un lẹ́jẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Mo sì ń dúró de ìbéèrè Màmá. Nígbà tí a fọwọ́ tán, ó pè mí.

"Mo rí ọ. Irin ti wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tó o fi ń pààrọ̀ ọwọ́?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òsì ni mo fi gbé e. Mi ò lè fi òsì na nǹkan sí bàbá."

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà yẹn, ṣé ó ń dúró kó o kúnlẹ̀ kí i ni?"

Láti ọjọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó dé, á dúró níwájú mi, á na ọwọ́, á ní, "Fi òsì nà án." Ẹ rò ó wò. Obìnrin tó lè bí mi, tí mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, ni mo fẹ́ fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí. Mo gbìyànjú. Ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ ni orúnkún mi ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Mo ní kí n dá a dúró, kò gbọ́. A ṣe é fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọwọ́ mi já fáfá, ṣùgbọ́n orúnkún kò yí padà: òsì lọ, orúnkún tẹ̀. Màmá wò ó, ó wò ó, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ó ní, "Orúnkún kò sí lórí tábìlì. Jẹ́ kó máa tẹ̀. Ṣáà jẹ́ kí irin dé."

Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn, lẹ́yìn tí Màmá fẹ̀yìn tì, àti lẹ́yìn tó kú, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo ń to irin mi sápá ọ̀tún, mo ń fi ọ̀tún nà án. Bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, òsì á gbà á ṣe, orúnkún á tẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò sí dókítà tó mọ̀, ojú egbò ni wọ́n ń wò.

Irin iṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Ìbọ̀wọ́ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù dé. Irin oníná tó ń jó ẹnu iṣan pa dé. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ olójú ihò dé, tí wọ́n á lu ihò kéékèèké sí ikùn, tí wọ́n á ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, tí dókítà á máa wo tẹlifíṣàn dípò kó wo aláìsàn. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà ni bí àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ṣe ń kọ́ iṣẹ́. Ara èèyàn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọ̀gá á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ iṣẹ́ á di abẹ mú, ẹni tó sùn lórí tábìlì kò mọ̀ pé òun ni ìwé tí wọ́n ń kà lọ́jọ́ náà. Mo ti gbàdúrà lórí ọ̀pọ̀ wọn láìyọ ohùn síta.

Ó ku bí ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé awò kan dé. Awò ńlá dúdú ni, á bo gbogbo ojú, á sì so mọ́ orí. Èèyàn á di igi kékeré kan mú lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, igi náà á máa gbọ̀n bó bá ti kan ẹran ara nínú rẹ̀. Orúkọ òyìnbó ni àwọn dókítà ń pè é. Àwa nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Awò Àlá. Ọ̀gá Dókítà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kí n máa mójú tó yàrá rẹ̀, kí n sì sọ fún wọn bó bá jọ tíátà gidi.

Eré ọmọdé ni mo kà á sí. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún mi. Mo bá ara mi nínú tíátà kan tó mọ́ ju tiwa lọ. Mo wo ìsàlẹ̀, mi ò ní ẹsẹ̀, mi ò ní ikùn. Ọwọ́ méjì péré tó wọ ìbọ̀wọ́ ló ń léfòó níwájú mi. Obìnrin kan nà gbalaja sórí tábìlì, ojú rẹ̀ ṣì là. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ara ńkọ́?" Mo sì dúró kó dáhùn. Mo gbọ́ tí àwọn dókítà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ojú tì mí, òòyì kọ́ mi, mo ní kí n fara ti tábìlì. Tábìlì tí kò sí níbẹ̀! Ilẹ̀ ni mo bá ara mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tí mo ń wo àwọn ọmọ náà, tí ohun tí wọ́n ń rí ń hàn lórí tẹlifíṣàn ara ògiri, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọ̀kan gé ohun tí kò yẹ kó gé, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, aláìsàn kú. Kò sí ìyá ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tẹ bọ́tìnì, aláìsàn náà tún sùn sílẹ̀ ní pípé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà márùn-ún ló pa á lọ́jọ́ náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, kò pa á. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún, ìyẹn sì ni ẹkún tó tù mí lára jù láyé mi.

Láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí ni Dókítà Wàsíù wà. Ọmọ Ìfọ́n ni, ó gùn, ó níwà, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú aṣọ tíátà. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dáa. Ó ń gbọ̀n. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rán ní ìṣẹ́jú díẹ̀, òun á fi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ rán an, ojú rírán á sì wọ́. Ọ̀gá Dókítà ti sọ ọ́ níwájú gbogbo wa pé bó bá kùnà ìdánwò orí Awò Àlá ní òpin oṣù, kó gbàgbé iṣẹ́ abẹ, kó lọ máa wo àìsàn ara wíwú àti ẹ̀fọ́rí. Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń sọ pé òun á máa la èèyàn, òun á sì máa gbà wọ́n là.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kírun Alásárì tán, mo padà sí yàrá náà. Mo bá a níbẹ̀ lóun nìkan, awò lójú rẹ̀, kò lè rí mi. Mo wo ara ògiri. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ń gé, ó ń so, ó ń rán, gbogbo rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ju ìkán díẹ̀ lọ. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ṣe é sílẹ̀, àfi ìgbà tí mo wo apá rẹ̀. Òsì ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo dúró títí ó fi bọ́ awò. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ fún Ọ̀gá."

Ẹ̀yin ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, nítorí dókítà ni. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ló jáde lẹ́nu mi. "Dìde. Ta ló so ọwọ́ rẹ?"

Kò béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn. Ó ní, "Bàbá mi ni, mà. Okùn ni wọ́n fi so ó. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá fi òsì gbé omi fún wọn, wọn ò ní gbà á."

"Ọ̀gá wá ńkọ́?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn wọ tíátà, mo na òsì láti gba abẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, 'Ta ló tọ́ ìwọ yìí?' Látìgbà náà, ọ̀tún ni, mà."

Mo jókòó. Inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí, nítorí ìyá àgbà mi ti lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ ìtàn ẹ̀mú tó bọ́ sílẹ̀ fún un. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún yàtọ̀ sí Màmá Tíátà. Mo ní kó fi òsì ṣe ìdánwò náà. Ó ní òun ò lè ṣe é lójú Ọ̀gá, pé bí òun bá ti gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá, ọwọ́ náà á kú. Mo mọ̀ pé kò purọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá Dókítà jókòó síwájú tẹlifíṣàn, àwọn ọmọ iṣẹ́ tò sẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ni láti yọ àpò òróòro tó ti kún fún òkúta. Nínú awò náà, ẹ̀rọ ló máa ń ṣe nọ́ọ̀sì, àmọ́ èèyàn lè wọ awò kejì kó ṣe é. Nígbà tó kan Dókítà Wàsíù, mo sọ fún Ọ̀gá pé ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá a ṣe nọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má tún kí aláìsàn o.

Mo wọ awò. Mo rí ọwọ́ méjì Wàsíù níwájú mi, mo rí tèmi. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tún. Ọ̀tún náà ń gbọ̀n bí ó ṣe máa ń gbọ̀n. Ó dé ibi tí iṣan kan wà, ó já a. Ẹ̀jẹ̀ ru. Mo gbọ́ tí Ọ̀gá pòṣé lẹ́yìn wa. Wàsíù na ọ̀tún, ohùn rẹ̀ ti gbẹ, ó ní, "Ẹ̀mú."

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò, bí Màmá ṣe kọ́ mi. Ọ̀tún nà, ṣùgbọ́n òsì rẹ̀ ti ṣí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dúró. Mo fi òsì gbé ẹ̀mú, mi ò pààrọ̀ ọwọ́. Mo kọjá ọ̀tún rẹ̀, mo fi ẹ̀mú lé òsì rẹ̀ lọ́wọ́. Orúnkún mi tẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo tún fẹ́ ṣubú. Òsì Wàsíù di ẹ̀mú náà mú. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó há iṣan náà pa. Láti ibẹ̀ lọ, kò padà sí ọ̀tún mọ́. Ó ń béèrè, mo ń nà án, òsì sí òsì, orúnkún mi ń tẹ̀, ó ń nà. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà.

Nígbà tí a bọ́ awò, Ọ̀gá Dókítà ṣì ń wo ara ògiri.

"Ọwọ́ wo lo fi ṣe é?"

"Òsì ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

"O mọ̀ pé òsì lọwọ́ rẹ, o wá ń fi ọ̀tún wọ́ mi nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ bi í pé ta ló tọ́ ọ, sà."

Èèyàn kì í dá Ọ̀gá lóhùn báyẹn. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Mo rò pé ó rí mi fín ni." Ó tún wo ara ògiri. "Ohun tí mo rí níbí kò lójú, kò lórúkọ, ọwọ́ nìkan ni. Ọwọ́ náà sì dára." Ó yí sí mi. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà fi òsì ṣe é. Ọdún mélòó la ti ń bára ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ó ti pẹ́, sà. Ẹ ò bi mí ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ara tu gbogbo wa. Wàsíù kò kúrò nínú iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ra sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì fún un, nítorí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í gé lọ́wọ́ òsì, ńṣe ló ń fa nǹkan ya. Èmi ni mo so òwú pupa mọ́ etí sísọ́ọ̀sì náà kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú. Ohun tí mo ṣe gbẹ̀yìn kí n tó fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Mo padà sílé ní Ìlobù, mo ń sin adìẹ. Ọdún tó kọjá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí lápá ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: òkúta nínú òróòro. Dókítà tí yóò yọ ọ́? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi Rájí ní kò ní ṣeé ṣe.

"Ọmọ Ìfọ́n ni! Ó tún jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì! Múínà, orí ẹ dáa?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo gan-an lẹ ò fẹ́ nínú rẹ̀, Ìfọ́n ni àbí òsì?"

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní, "Méjèèjì."

Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Mo ti rí ọwọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i, mo sì ti rí i níbi tí kò ti mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun.

Wọ́n gbé mi wọ tíátà tí mo ti lo ayé mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sùn lórí tábìlì. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo ń wo iná orí àjà tí mo ti pàṣẹ kí wọ́n nù láìmọye ìgbà. Wàsíù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí mi. Mo rí sísọ́ọ̀sì olówùú pupa lórí àwo. Kí oorun tó gbé mi lọ, mo rí i tó nawọ́, mo gbọ́ ìró irin tó bọ́ sí i lọ́wọ́ láìsí ìdádúró kankan. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí mo jí, òkúta mẹ́rin ló wà nínú ìgò kékeré. Wàsíù fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìwé ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, òsì ló fi na ìgò náà sí wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí òsì."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìgò, wọ́n wo ọwọ́ náà. Wọ́n ní, "Òsì wo? Ṣebí ọwọ́ tó yọ nǹkan yìí lára àbúrò mi nìyẹn." Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi dùn mí.

Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti mu omi, Wàsíù fúnra rẹ̀ ló bu ú wá. Mo mu ún tán. Mo na ife padà sí i, òsì ni mo fi nà án. Mo dúró de orúnkún mi lábẹ́ aṣọ ìbora. Kò mira.